Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Táyà Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí dá lórí ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn ará Jàpáànù ṣe, tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì ti sọ di àwòṣífìlà, nípa fífi táyà tó ju ara rẹ̀ lọ wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, àti nípa yíyọ ẹ́ńjìnnì tó bá ayé wá kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi òmíràn jókòó sí ipò rẹ̀.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọkọ̀ tí mo ń wí ni Suzuki tí àwọn kan ń pè ní SJ, tí àwọn mìíràn ń pè ní Jimny, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì mọ̀ sí Samurai. Ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ arìn-nínú-ẹrẹ̀-má-rì, afẹsẹ̀-mẹ́rin-gun-àpáta, tí gbogbo ara rẹ̀ kò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Suzuki ra ẹ̀tọ́ ṣíṣe ọkọ̀ kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Hope. Mitsubishi ló ni ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ Hope yìí. Suzuki yọ ọ́ kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì kékeré oní kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà 359, ó sì gbé ọkọ̀ náà jáde ní ọdún 1970, ó pè é ní LJ10. Òfin Jàpáànù ìgbà náà kò gbà kí ọkọ̀ tó wà ní ìpín àwọn tó kéré jù lọ gùn ju mítà mẹ́ta, nítorí náà inú ọkọ̀, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, ni wọ́n gbé táyà ìpamọ́ sí, tó fi jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta péré ni LJ10 lè gbà. Ẹ wá rí i pé láti inú oyún ni pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti wàhálà ibi tí a óò fi táyà sí ti bá ìdílé ọkọ̀ yìí wá. Ẹ̀yà tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí ni èyí tó dé Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1985, tí wọ́n sì tà níbẹ̀ títí di ọdún 1995, nítorí pé ara rẹ̀ ni àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ti dá irú àrà tí a ń sọ yìí jù lọ.

Táyà tó bá Samurai ti ilé-iṣẹ́ jáde ga tó nǹkan bí ínǹṣì 26 láti ilẹ̀ dé orí. Èyí tí àwọn tó ń tún un ṣe sábà máa ń fẹ́ ni ti ínǹṣì 31, àwọn tí ọkàn wọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ a sì lọ títí dé 33. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá wo táyà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àtẹ yóò rò pé ínǹṣì márùn-ún ló wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ ná, ikùn ọkọ̀ kò ní fi ínǹṣì márùn-ún náà kúrò nílẹ̀, nítorí àárín táyà ni ọkọ̀ gbé ara lé, ìdajì ohun tí táyà fi pọ̀ sí i ni ọkọ̀ sì ń jẹ níbẹ̀. Èkejì ni pé bí táyà àtilẹ̀wá bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ yóò ti rìn tó nǹkan bíi mítà 2.1, ṣùgbọ́n bí ti ínǹṣì 31 bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ yóò ti rìn tó nǹkan bíi mítà 2.5. Ìyàtọ̀ yìí tó nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà kan tí kò ní fi ara gbá a. Agogo ìsáré tó wà níwájú awakọ̀ yóò máa purọ́ fún un láìmọ̀, nítorí nígbà tó bá ń wí pé kìlómítà 100 ni ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan, 118 lọkọ̀ ń sá ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò. Ẹrù tí a fi kọ́ ẹnu ọ̀pá gígùn wúwo lọ́wọ́ ju ẹrù kan náà tí a fi kọ́ ọ̀pá kúkúrú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti àárín yóò ṣe rí i pé ilẹ̀ ti jìnnà sí òun sí i nígbà tí táyà bá ga, agbára tó ń tó òun tẹ́lẹ̀ kò sì ní tó mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti wọ táyà ńlá tán, tí olówó rẹ̀ gbé e dé ẹsẹ̀ òkè, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tí ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹ́ńjìnnì yìí kéré, kí òun tètè lọ wá èyí tó jù ú lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kò sọ ẹyọ kan nù nínú agbára rẹ̀. Bó ti wà lánàá ló wà lónìí. Ohun tó dínkù ni ìlọ́po tí jíà ń fi agbára náà ṣe kó tó dé ilẹ̀.

Ìlọ́po yìí, ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà nínú Samurai. Jíà kìn-ín-ní nínú jíàbọ́ọ̀sì ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ìlọ́po 3.65. Lẹ́yìn náà ni jíàbọ́ọ̀sì kejì, èyí tí ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, yóò tún sọ ọ́ di ìlọ́po 2.27 bí awakọ̀ bá fi í sí apá agbára. Kíráùn àti píníọ̀n, jíà méjì tó wà nínú dífù láàárín ẹsẹ̀ méjì, yóò wá fi ìlọ́po 3.73 parí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ lára wọn yóò rí nǹkan bí 31, ìyẹn ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá yí nígbà 31, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí táyà ínǹṣì 31 bá dé, ńṣe ni 31 yìí yóò dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ sílẹ̀ sí 26. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ irin ní Amẹ́ríkà ti ń rọ jíà tí a lè fi sínú jíàbọ́ọ̀sì kejì yìí, tó jẹ́ pé dípò ìlọ́po 2.27, ìlọ́po 4.16 ni yóò máa ṣe, àwọn kan tilẹ̀ wà tó dé 6.5. Pẹ̀lú 4.16 nìkan, 31 àkọ́kọ́ yẹn yóò di nǹkan bí 57. Ọkọ̀ tí ń kú lẹ́sẹ̀ òkè lánàá yóò wá máa fà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ gun àpáta, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà ló sì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé jíà ni kí ẹni tó bá fi táyà ńlá sí ọkọ̀ kékeré kọ́kọ́ ná owó lé, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹ́ńjìnnì kankan.

Ìṣètò kan wà nínú ìmọ̀-ẹ̀rọ ọkọ̀ yìí tó mú kí iṣẹ́ náà rọrùn, tí mo sì ka ẹni tó ronú rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n gidi. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ara jíàbọ́ọ̀sì ńlá ni jíàbọ́ọ̀sì kejì lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ti Samurai dá dúró fúnra rẹ̀ láàárín ọkọ̀, rọ́bà mẹ́ta ni a fi gbé e kọ́ sára ṣáásí, ọ̀pá kúkúrú kan ló sì so ó pọ̀ mọ́ jíàbọ́ọ̀sì tó wà níwájú. Mẹkáníìkì lè sọ ọ́ kalẹ̀, kó tú u palẹ̀, kó pààrọ̀ jíà inú rẹ̀, kó sì gbé e padà, láìfọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá sì wá kan ẹ́ńjìnnì, ó lè gbé ẹ́ńjìnnì àti jíàbọ́ọ̀sì mìíràn wá láti inú ọkọ̀ mìíràn, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá kúkúrú yẹn bá ti lè bá wọn mu.

Táyà ńlá kò kàn ní í wọlé sábẹ́ ọkọ̀ kékeré bí àlejò tí a ti ń retí. Àwọn kan a gé ara páànù kúrò níbi tó ti ń ha táyà. Àwọn kan a gbé ọkọ̀ sókè. Sípíríìnì Samurai jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò léra, abẹ́ irin ìdábùú tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni ilé-iṣẹ́ sì dè wọ́n mọ́. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù láti mú ọkọ̀ ga ni pé kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ jó ìjókòó mìíràn mọ́ òkè irin ìdábùú náà, kí sípíríìnì kúrò lábẹ́, kó bọ́ sórí, ọkọ̀ yóò sì fi nǹkan bí ínǹṣì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga. Ó dára, ó sì fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀pá sitíárì tó wà ní ìbú tẹ́lẹ̀ yóò wá dagun, tó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá bọ́ sínú kòtò, sitíárì yóò máa yí fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, àfi bí a bá tún ọ̀pá náà rọ kó bá gíga tuntun mu. Rọ́bà bíréèkì tó gùn tó tẹ́lẹ̀ kò ní gùn tó mọ́, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ kan bá rọ̀ sínú gọ́tà ni yóò sì já. Ọ̀pá tí ń yí dífù lẹ́yìn yóò ta gẹ̀ẹ́rẹ́ jù, oríkèé rẹ̀ yóò máa ké, yóò sì jẹ kíákíá. Ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gùn sí i.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Ọwọ́ kan náà tí táyà ńlá fi ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì ló fi ń gbà á lọ́wọ́ bíréèkì. Irin tí bíréèkì ń dì mú kò tóbi sí i, ṣùgbọ́n táyà tó ń takò ó ti ga, ó sì ti wúwo, nítorí náà ọkọ̀ tó ń dúró ní ibi báyìí tẹ́lẹ̀ yóò sún kọjá ibẹ̀ kó tó dúró. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a fi owó ńlá tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe, tí a kò sì fọwọ́ kan bíréèkì wọn. N kò lè gbà fún ẹnikẹ́ni pé ọgbọ́n nìyẹn. Ẹni tó bá sì tún ń fi agbára jíà tuntun yẹn yí ẹsẹ̀ iwájú nígbà tí sitíárì wà ní yíyí dópin, kó máa rántí pé oríkèé tó wà nínú ẹsẹ̀ iwájú kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́ lára Samurai.

Ọ̀rọ̀ ìdojúdé tún wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fò ó. Ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ Consumers Union ti Amẹ́ríkà, tí ń dán ọjà wò fún àǹfààní àwọn tí ń rà á, kéde pé Samurai kò ṣe é tẹ́wọ́ gbà nítorí pé ó lè dojú dé nígbà tí a bá yà á lójijì. Suzuki sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́ ní ọdún 1996, àwọn méjèèjì sì fi àdéhùn parí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2004. Èmi kò fẹ́ dá ẹjọ́ tí àwọn tó ni ín ti parí. Ohun tó kàn wá ni pé ọkọ̀ tí àríyànjiyàn irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kúrú, kì í ṣe ọkọ̀ tí a óò gbé ga láìronú. Bí wíwúwo ọkọ̀ bá ti ń gòkè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ síta, kí awakọ̀ sì máa rọra yà. Gíga díẹ̀ tó tó fún iṣẹ́ sàn ju gíga tí a fi ń ṣe àṣehàn lọ.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti wà létòlétò ni ọ̀rọ̀ wá kan ẹ́ńjìnnì. G13 ni orúkọ èyí tó bá Samurai wá, kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà 1,324, agbára rẹ̀ kò sì ju ti nǹkan bí ẹṣin 63 lọ. Ó ní àbúrò tó ju ẹ̀gbọ́n lọ, tí ń jẹ́ G16, tí Suzuki fi sínú Sidekick, tí a sì tún rí nínú Geo Tracker: kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà 1,590 ni, èyí tó ní fáàfù mẹ́jọ ní agbára ẹṣin 80, èyí tó ní fáàfù mẹ́rìndínlógún sì ní 95. Ìdílé kan náà ni wọ́n, alumíníọ̀mù ni ara àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹni tó bá fi G16 sí Samurai kò di ẹrù lé iwájú ọkọ̀ lórí. Síbẹ̀, ìbátan kì í ṣe ìbejì. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí padà. Ọpọ́n ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì Sidekick kò mọ̀ pé irin ìdábùú kan ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì Samurai, nítorí Sidekick kò ní irú rẹ̀ níwájú. Bí mẹkáníìkì kò bá wọn àyè tó wà láàárín wọn nígbà tí sípíríìnì bá tẹ̀ wọlé pátápátá, ìdábùú yóò lu ọpọ́n náà fọ́ lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá sì jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ń lo kábùrẹ́tọ̀, ẹ́ńjìnnì tí ń tú epo sí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò bèèrè pọ́ǹpù epo oníná tí ń tì í pẹ̀lú agbára, yóò bèèrè páìpù tí ń dá epo padà sí táǹkì, yóò sì bèèrè bréènì bọ́ọ̀sì tirẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wáyà rẹ̀, láìgé ọ̀kan.

Àwọn mìíràn a yan ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Volkswagen, lítà 1.6 tàbí 1.9. Ó wúwo ju ti Suzuki lọ nítorí irin ni ara rẹ̀, ó sì ń fẹ́ pátákó irin pàtàkì tí yóò so ó pọ̀ mọ́ jíàbọ́ọ̀sì, tí ojú ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gún régé tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá jíàbọ́ọ̀sì yóò fi wọ àárín ẹ́ńjìnnì láìtẹ̀ sápá kan. Bí kò bá gún, bẹ́árìn yóò máa jẹ, kíláàṣì yóò sì máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ ni pé láti ìsàlẹ̀, kí eré tó dé, ni agbára rẹ̀ ti ń jáde, irú agbára tí ọkọ̀ tí ń gun òkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì nílò nìyẹn. Rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi bá a mu, nítorí ọkọ̀ tí ń rìn bí ìgbín lórí àpáta kò rí afẹ́fẹ́ tí yóò fẹ́ ẹ́ tutù.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun tuntun. Ọjà Ladipọ ní Mushin ní Èkó lásán ti tó ẹ̀rí, níbi tí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti pọ̀ bí èèpẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń rajà níbẹ̀ ni pé kí ẹ má ṣe gba ẹ́ńjìnnì nìkan lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ gba bréènì bọ́ọ̀sì àti wáyà tó bá a wá láti inú ọkọ̀ kan náà, nítorí rẹ́wáyà tó bá ń táràkà láti wá wáyà kiri yóò jẹ owó yín ju iye tí ẹ fi ra ẹ́ńjìnnì lọ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bá ti tuntun mu kí ọlọ́pàá tó béèrè rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà oko nìkan ni wàhálà rẹ̀, kò nílò ínǹṣì 31 rárá: táyà ínǹṣì 28 tàbí 29, tó ga tí kò fẹ̀ jù, tí ìlà ara rẹ̀ jinlẹ̀, yóò gún ẹrẹ̀ kọjá dé ilẹ̀ líle tó wà nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá yóò sì gbé e. Bí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀nà tóóró tí Suzuki ń gbà kọjá láàárín igi kòkó méjì, ọkọ̀ ńlá kò lè gbà á.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ibi tí ọkọ̀ yìí ti gòkè dé jù. Òkè kan wà ní ààlà Chile àti Ajẹntínà, Ojos del Salado lorúkọ rẹ̀, òkè oníná ni, kò sì sí òkè oníná tó ga tó o láyé. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, Jeep kan láti ilẹ̀ Jámánì gùn ún dé mítà 6,646, wọ́n sì gbé àkọlé kan kalẹ̀ níbẹ̀ pé Jeep nìkan ni àyè wà fún. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: àwọn ará Chile méjì, Gonzalo Bravo àti Eduardo Canales, ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Suzuki wọn, kò ṣeé ṣe, wọ́n tún padà lọ. Níbi gíga bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tó ìdajì èyí tó wà létí òkun, ẹ́ńjìnnì tó bá sì ń mí lásán yóò pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì G16A ni wọ́n fi sínú Suzuki náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Wọ́n tún fọwọ́ kan sípíríìnì àti ara ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2007, wọ́n dé mítà 6,688.

Ó di ọdún 2019 kí ọkọ̀ mìíràn tó kọjá ibẹ̀, Unimog sì ni, òmìrán ọkọ̀ Mercedes. Ó dé 6,694, mítà mẹ́fà péré ló fi ju Suzuki kékeré lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Romain Dumas wa Porsche 911 kan dé mítà 6,734 lórí òkè kan náà. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà ga, wọ́n ti fi táyà gbàràmù sí i, wọ́n sì ti fi jíà mìíràn sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè máa fà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe é.